Dáìsì Aláwọ̀ Mẹ́ta

Dáìsì olójú ogún náà yí gbirigbiri lórí tábìlì, ó kọ lu ife sóbò tó wà níwájú Alameen, ó sì dúró. Mẹ́tàdínlógún. Gbogbo wọn rí i. Ọládòṣù náà rí i, ó sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀ kan tí kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.

"Mẹ́tàdínlógún," ó ní. "Ká fi mẹ́fà kún un. Ká wá fi méjì sí i, nítorí ọ̀kọ̀ ọwọ́ mi."

Fáànù ń yí lókè àjà. Láti kíṣìnì, wọ́n ń gbọ́ ìró omi níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń fọ abọ́. Ọládòṣù ká ìka ọwọ́ òsì rẹ̀, ó nà án, ó tún ká a. Ètè rẹ̀ ń mì. Ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò ni. Tẹ́lẹ̀, kí ẹlòmíì tó ka ojú dáìsì tán ni òun ti máa ń pe àpapọ̀ rẹ̀.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, Ẹ̀gbọ́n," Shalom wí. Òun ló kéré jù láàárín wọn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó rò pé oore lòun ń ṣe.

Nimotallahi, tó jókòó sí ìdí tábìlì pẹ̀lú ìwé òfin eré níwájú, rí i bí èjìká ọkùnrin náà ṣe rọ̀ wálẹ̀. Kò bínú. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bínú. Ó mú dáìsì náà, ó dá a padà sínú àpò aṣọ kékeré tó ti wá, ó fa okùn àpò náà pa, ó fọwọ́ ti tábìlì, ó sì dìde.

"Mo ń bọ̀," ó ní.

Ó wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Wọ́n dúró títí. Sóbò tútù Alameen lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ife. Nígbà tó yá, Olúfọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ jáde wá, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́, kò sì wo ojú ẹnì kankan.

"Ó ní kí ẹ máa bá eré yín lọ," ó ní. "Ó ní òun kò ṣe mọ́. Ó ní kí Nimọ̀ máa gbé ìwé náà lọ, pé ó ti di tirẹ̀."

*

Eré tí wọ́n ń ṣe kò ní pátákó bíi lúdò, kò sì ní káàdì bíi wọ́ọ̀tì. Ẹnì kan á máa pìtàn ìlú kan tí kò sí níbì kankan láyé, àwọn yòókù á sì di ènìyàn inú ìtàn náà. Apìtàn á ní, "Ẹ dé etí odò, afárá ti já. Kí lẹ ó ṣe?" Oníkálukú á sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, wọ́n á ju dáìsì, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irínwó ojú ewé, èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, dáìsì rẹ̀ sì pé oríṣi mẹ́fà: olójú mẹ́rin, olójú mẹ́fà, títí dé olójú ogún. Gbogbo ohun tí ènìyàn bá fẹ́ ṣe nínú rẹ̀ ló ní iye tirẹ̀, a ó ro ó pọ̀, a ó yọ díẹ̀ kúrò, a ó tún wo àtẹ kan ní ẹ̀yìn ìwé.

Ìwé náà ló sọ Nimotallahi di ọ̀rẹ́ Ọládòṣù. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọkùnrin náà gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Nimotallahi ní Okota pé kó bá òun ṣe ẹ̀dà ogójì ojú ewé. Ìbátan rẹ̀ kan ló fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun. Nimotallahi ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kà á, ó sì bi í pé irú ìwé wo nìyí. Ọládòṣù fa àga sún mọ́ ọn, ó ṣàlàyé fún wákàtí kan gbáko. Nígbà tó máa fi dìde, ó ti rí apìtàn. Alameen tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Èjìgbò dara pọ̀ mọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni Shalom tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pàdé ní pálọ̀ Ọládòṣù ní Ire-Akari.

Nínú oṣù Kejìlá, rọpárọsẹ̀ gbé Ọládòṣù ṣánlẹ̀ nínú kíláàsì. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó lè rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu. Ìwé kíkà náà padà, bó tilẹ̀ ń falẹ̀. Nọ́ńbà ni kò padà. Ó mọ orúkọ wọn, ó mọ ìrísí wọn, àmọ́ bó bá ti ní kó fi ọ̀kan kún èkejì, méjèèjì á yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ọṣẹ inú omi.

Síbẹ̀, lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló pe Nimotallahi lórí fóònù. "Ẹ wá ní Sátidé," ó ní. "Oṣù mẹ́jọ lẹ ti fi Jagunlabí sílẹ̀ lórí afárá." Jagunlabí ni orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn, jagunjagun tó ń fi ọ̀kọ̀ jà, tí kì í sá.

Àwọn náà sì wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ju dáìsì.

*

"Mi ò yẹ kí n sọ ọ́," Shalom wí nígbà tí wọ́n jáde sí títì. Omi ti dé ojú rẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," Nimotallahi dáhùn. "Máa lọ síbi iṣẹ́. Màá pè ẹ́."

Òun àti Alameen wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ìwé ńlá náà lé itan, ó sì ń wúwo sí i ní gbogbo ojú ọ̀nà. Ọládòṣù kò tíì yá ẹnikẹ́ni ní ìwé náà rí, àní fún ọjọ́ kan. Kó wá fi í tọrẹ báyìí, bí ẹni tó ń pín ẹrù rẹ̀ kó tó rìnrìn àjò, ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù jù lọ.

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó tan ẹ̀rọ, ó gbé ìwé náà sórí káńtà. Bó ṣe ń ṣí i, ó kan ibì kan lápá ẹ̀yìn tí ewé méjì ṣì lẹ̀ mọ́ra láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́fà, òun apìtàn, kò tíì dé ibẹ̀ rí. Kò jẹ́ kí Alameen rí i.

Ó mú fóònù, ó wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnu yà á láti rí i pé àwọn tó ń ṣe irú eré yìí káàkiri ayé ń ráhùn ohun kan náà: òfin ti pọ̀ jù, ìjà ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìtàn ń gba odindi ọ̀sán kan, ó ti sú àwọn ọ̀rẹ́, wọ́n ti lọ. Àwọn kan ti jókòó kọ òfin tó kúrú. Ó rí ọ̀kan tó jẹ́ àádọ́ta ojú ewé. Ó rí olójú ewé méjìlá. Ó rí ọ̀kan tí gbogbo rẹ̀ wà lórí ewé kan ṣoṣo, inú rẹ̀ dùn, ó tẹ gbogbo wọn jáde, òun àti Alameen sì jókòó tì wọ́n.

Alameen ń kà, ó ń mi orí. "Eléyìí dára. Dáìsì méjì péré. Wàá ro ojú méjèèjì pọ̀, wàá fi agbára rẹ kún un. Ó bùṣe."

"Wàá ro ó pọ̀."

"Ìṣirò kékeré ṣáà ni, Nimọ̀."

"Kékeré fún ta ni?"

Alameen gbé ìwé náà sílẹ̀.

Wọ́n yẹ èyí tó kù wò. Ọ̀kan ní kí a fi ọ̀kan wé èkejì kí a mọ èyí tó pọ̀ jù. Òmíràn ní kí a máa yọ iye kúrò nínú ẹ̀mí ẹni nígbàkígbà tí ọta bá bani. Èyí tó kúrú jù lọ pàápàá, ibi kan wà nínú rẹ̀ tí nọ́ńbà ti fara pamọ́ sí. Àwọn oníbàárà wọlé, wọ́n jáde. Nimotallahi bá obìnrin kan tẹ ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́, ó bá akẹ́kọ̀ọ́ kan di ìwé àṣekágbá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò lórí afárá. Ó ronú pé òun lè máa bá Ọládòṣù ṣe ìṣirò náà ní ìdákẹ́jẹ́, kí òun kàn máa pe èsì. Bó ṣe rò ó ni ojú tì í. Ìyẹn gan-an ni Shalom ṣe.

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí fóònù Alameen dún. Oníbàárà rẹ̀ kan ni, amúlétutù rẹ̀ kò mú yàrá tutù mọ́. Alameen ní kó fọwọ́ kan páìpù tó nípọn nínú méjèèjì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, kó sọ bó ṣe rí. Ó gbọ́, ó ní, "Ó dáa, mò ń bọ̀ lọ́la," ó sì pa fóònù.

"Ọwọ́ lo fi ń mọ̀ ọ́n?" Nimotallahi bi í. Kò bìkítà púpọ̀, ó kàn fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn ni.

"Ọwọ́ ni. Wọ́n ní irinṣẹ́ tó máa sọ iye fún ènìyàn, mo ní ọ̀kan. Àmọ́ ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ ń fi kàn án. Bó bá tutù, ó dáa. Bó bá gbóná, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Bó bá wà láàárín méjèèjì," Alameen rẹ́rìn-ín, "a jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nǹkan kan ń jẹ ẹ́ nínú. Èyí tó wà láàárín yẹn ló máa ń fún mi níṣẹ́ jù."

Nimotallahi tẹjú mọ́ ọn.

"Kí ló dé?" Alameen bi í.

"Tún un sọ."

"Èwo?"

"Àwọn mẹ́ta yẹn. Tún wọn sọ."

*

Káfíńtà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gé igi kékeré kan fún wọn, igun rẹ̀ dọ́gba, ó tóbi tó ọsàn kékeré, kí ọwọ́ tí kò tíì lágbára tó lè dì í mú. Ó fi sáńpépà ha á títí tó fi dán. Nimotallahi gé bébà tó ń lẹ̀ fúnra rẹ̀, ojú méjì funfun, ojú méjì pupa, ojú méjì dúdú, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ igi náà. Àwọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀ fún pupa ti ń ṣá, ó dà bí àwọ̀ ọsàn, ó sì ní láti pààrọ̀ íǹkì kó tó pọ́n dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti kọ òfin. Ó rò pé yóò gba òun pẹ́. Bí o bá ju funfun, ohun tí o fẹ́ ṣe bọ́ sí i. Bí o bá ju pupa, ó bọ́ sí i, àmọ́ ó gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá ju dúdú, kò bọ́ sí i, ọ̀rọ̀ sì burú ju bó ṣe wà lọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun kan tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Bó bá ń ṣe é, kó ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì, kó mú èyí tó wù ú. Ara ènìyàn le, tàbí ó gbọgbẹ́, tàbí ó ṣubú. Ẹni tó ṣubú kò lè ṣe nǹkan mọ́ àfi tí ẹlòmíì bá gbé e dìde.

Ó wò ó. Ó ń wá ohun tó kù tí òun yóò fi kún un. Kò rí.

Ó kà á sókè fún Alameen, nígbà tó sì kà á tán ló tó mọ ohun tó mú kí ẹnu òun rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ń ka òfin ní Òyìnbó nínú ọkàn, tó ń túmọ̀ rẹ̀ kó tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Èyí kò ní ìtumọ̀ kankan tí ń dúró dè é.

"Ẹ̀gbọ́n kò ní gbà," Alameen wí.

"Mo mọ̀."

"Ó fẹ́ràn ìwé yẹn ju ilé tó ń gbé lọ. Ó máa ní eré ọmọdé ni."

"Mo mọ̀, Alameen. Pe Shalom fún mi."

*

Ọládòṣù jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ ìbòòji tí wọ́n fi páànù ṣe, ó ń fún bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan pọ̀ nínú ọwọ́ ọ̀tún, bí àwọn tó ń bá a nara ṣe kọ́ ọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù. Kò yà á lẹ́nu láti rí Nimotallahi. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Jókòó. Ta ló kù?"

"Alameen àti Shalom wà ní pálọ̀." Ó jókòó, ó na bébà kan sí i. "Mo ní kí ẹ wo nǹkan yìí."

Ọládòṣù gbà á. Ó kà á láìkánjú, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kà á dé ìsàlẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn náà ṣófo.

"Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀," ó ní.

"Kò sí."

"Nítorí mi."

Ní ojú ọ̀nà, Nimotallahi ti to irọ́ kan kalẹ̀ fún ìbéèrè yìí. Pé Shalom ló ní eré náà ti ń pẹ́ jù. Pé àwọn ará òkè òkun ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́, irọ́ náà kò sì jáde.

"Nítorí yín ni," ó ní. "Àti nítorí tèmi náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí òfin atẹ́gùn?"

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí mo ní bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lórí omi, ẹ yọ mẹ́ta kúrò nínú ti ẹni tó ń ju ọ̀kọ̀."

"Mo rántí. Gbogbo ọjọ́ yẹn la fi lò ó títí a fi sọdá adágún."

"Kò sí nínú ìwé. Mi ò tíì rí i rí. Orí ara mi ni mo ti mú un jáde, torí ẹ bi mí, mi ò sì mọ ibi tí ó wà. Irú rẹ̀ pọ̀. Mi ò lè ka iye rẹ̀. Mi ò mọ ìwé yẹn dé ìdajì, Ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ṣí i bí ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ọládòṣù gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó wo ògiri ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó yá, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Nimotallahi sì bẹ̀rù pé ẹkún ni, àfìgbà tó yíjú sí i.

"Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá òfin atẹ́gùn yẹn," ó ní, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. "Mo wá a níwájú, mo wá a lẹ́yìn. Mo wo àtẹ ọ̀rọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Òfin náà dára." Ó nu ojú rẹ̀. "Ó dára ju tiwọn lọ."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó tẹ́ bébà náà sórí itan, ó fi ọwọ́ òsì tẹ́ ẹ títí tó fi gún régé.

"Àmọ́ gbọ́ mi, Nimọ̀. Nọ́ńbà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìwé yẹn nìyẹn. Tí kò bá sí nọ́ńbà, ìwọ lo máa máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìwọ sì mọ̀ mí. Wàá máa ṣàánú mi. Dókítà ń ṣàánú mi, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣàánú mi, ọmọ yẹn ṣàánú mi láàárọ̀ yìí níṣojú gbogbo yín. N kò lè wá jókòó sídìí tábìlì kí ìwọ náà wá máa fi ìtàn ṣàánú mi. Kí n má ṣeré rárá ló tẹ́ mi lọ́rùn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Nimotallahi lára, torí ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Láàárọ̀ yìí gan-an, kí dáìsì tó balẹ̀, ó ti pinnu pé iye yòówù kó jẹ́, yóò bọ́ sí i.

"Àwọ̀ náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni," ó ní. "Bó bá dúdú, ó dúdú."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ọládòṣù wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí i pé kó ran òun lọ́wọ́ láti dìde.

*

Wọ́n jókòó sí ààyè wọn. Shalom kí i, ó kúnlẹ̀, Ọládòṣù sì fọwọ́ kàn án lórí, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Nimotallahi gbé dáìsì onígi náà sí àárín tábìlì. Kò gbé ìwé dání, kò sì mọ ohun tí òun yóò fi ọwọ́ òun ṣe. Ó kó wọn lé itan.

"Oṣù mẹ́jọ lẹ ti wà lórí afárá," ó bẹ̀rẹ̀. "Pákó rẹ̀ ti ń jẹrà. Omi tó wà nísàlẹ̀ dúdú, ó sì ń hó. Ẹranko onírù méjì náà dúró sí ìparí rẹ̀, ó ń mí, kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti wọ ìlú. Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú wà lẹ́yìn, ó fara pamọ́." Ìyẹn ni Alameen. "Ìyá Ewé ń di ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀." Ìyẹn ni Shalom. "Jagunlabí ló wà níwájú. Jagunlabí, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Ọládòṣù kò ronú pẹ́. "Ó fi ìdí ọ̀kọ̀ rẹ̀ tẹ pákó, ó fò kọjá lórí ẹranko náà, kó lè bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ẹ jù ú lẹ́ẹ̀mejì."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú dáìsì. Ìka rẹ̀ gbọ̀n, àmọ́ igi náà kò bọ́. Ó jù ú. Dúdú.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan," Alameen wí.

Ó tún un jù. Ó yí, ó dúró lórí igun kan bí ẹni pé pupa ni yóò ṣí sókè, ó sì ṣubú. Dúdú.

Shalom tẹ orí ba. Nimotallahi mọ gbogbo ọ̀nà tí òun lè gbà mú un rọrùn: ẹranko náà kàn gbá a lẹ́sẹ̀, afárá kàn mì, Jagunlabí padà balẹ̀ síbi tó wà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ọládòṣù ń wò ó.

"Jagunlabí fò," ó ní. "Ó ga. Ẹranko náà ga jù ú lọ. Ìrù kan gbá a mú nínú òfuurufú, èkejì ṣẹ́ ọ̀kọ̀ rẹ̀ sí méjì. Ó jù ú sínú odò bí ẹni ju èèpo. Ó gbọgbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, omi sì ti bò ó lórí. Àwọn tó wà lórí afárá kò rí i mọ́."

"Ṣé ó ti kú ni?"

Olúfọlákẹ́ ló bèèrè. Ó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú tíréè ìpápánu lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé. Ọdún mẹ́fà ló ti ń gbé tíréè wá gbé kalẹ̀ fún wọn, tó ń padà lọ. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀rù bà á lóòótọ́.

Ọládòṣù yí padà lórí àga. Gbogbo ojú rẹ̀ ti là, kò sì jọ ojú ẹni tó pàdánù ohunkóhun.

"Kò tíì kú," ó ní. "Ó gbọgbẹ́ ni. Ẹni tó gbọgbẹ́ ṣì lè ṣe nǹkan. Gbé tíréè yẹn kalẹ̀, Fọlákẹ́, jókòó, jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ."

"Èmi? Bàbá Adémidé, ẹ̀yin lẹ ní ó ṣòro."

"Tẹ́lẹ̀ nìyẹn."

Ó jókòó sí etí àga. Ọkọ rẹ̀ gbé dáìsì lé àtẹ́lẹwọ́, ó fi funfun hàn án, ó fi pupa hàn án, ó fi dúdú hàn án, ó sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ pẹ̀lú àpẹẹrẹ, ó bi í bóyá ó yé e, ó dúró de ìdáhùn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

"Ta ni mo wá jẹ́?" Olúfọlákẹ́ bèèrè.

"Ta lẹ fẹ́ jẹ́, mà?" Nimotallahi wí.

Obìnrin náà ronú. Ó wo tábìlì, kò wo ọkọ rẹ̀. "Mo fẹ́ jẹ́ obìnrin tó ní ọkọ̀ ojú omi. Mo wà nísàlẹ̀ afárá náà."

"Kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa?"

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fa ènìyàn jáde nínú omi."

Ọládòṣù ti dáìsì sí i. Olúfọlákẹ́ jù ú lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Dúdú ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà pupa.

"Mo mú pupa," ó ní kíákíá.

"Ẹ fà á jáde," Nimotallahi wí. "Ó ń húkọ́, àmọ́ ó wà nínú ọkọ̀ yín, ó ń mí. Odò náà sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Kí ló gbà?"

"Èmi ni màá sọ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Igi ìtukọ̀ ni," Olúfọlákẹ́ wí. "Mo sọ igi ìtukọ̀ nù kí n tó lè fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Kó máa lọ."

"Ó ti lọ. Ọkọ̀ yín ń bá omi lọ, kò sí ohun tí ẹ ó fi tù ú. Ẹ ti ń wo ẹranko náà láti ìsàlẹ̀ báyìí, ikùn rẹ̀ funfun lókè yín. Jagunlabí, kí lẹ ó ṣe?"

Ọládòṣù fi ẹ̀yìn ti àga. Alameen mú àkàrà kan nínú tíréè, Shalom sún mọ́ tábìlì, wọ́n sì dúró dè é. Nimotallahi náà dúró. Kò sí ojú ewé tó ní láti ṣí, kò sí àtẹ tó ní láti wá. Kò sí ibòmíràn tí yóò wò ju ojú ọkùnrin náà lọ, bó ṣe ń lọ láti ọ̀dọ̀ obìnrin inú ọkọ̀ dé ìdí afárá, tó ń padà.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń ṣeré pọ̀. Nimotallahi kò mọ̀ rí pé Ọládòṣù máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.